Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Ègbè Du Soliat

Sàlámọ̀tù na ọwọ́ kọjá lórí itan Ìyá Tawheed, ó fi ìka méjì fún ètè Ìyá Goodness pọ̀ bí ẹni ń di ẹnu àpò gààrí.

"Báyìí," ó ní. "Báyìí ni kó ṣe wà títí a ó fi kúrò níbẹ̀."

Ìyá Goodness já ẹnu rẹ̀ gbà. "Má fa ètè mi ya. Mo ti gbọ́."

Awakọ̀ Màrúwá tó ń gbé wọn lọ láti Àpòmù sí Ìkirè wo ẹ̀yìn nínú dígí, ó sì yára gbé ojú kúrò. Àwọn ìyá mẹ́ta tí ọjọ́ orí wọn lé ní igba ọdún bí a bá rò ó pọ̀, tí wọ́n wọ aṣọ tó dára, tí wọ́n wá ń fún ara wọn lẹ́nu nínú ọkọ̀ láàárọ̀ Sátidé, ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ohun tí ọmọ ọlọ́mọ ń dá sí.

"Wòlíì wa ṣáà ní ká máa dárí jini," Ìyá Goodness tún sọ, ó ń tún aṣọ funfun ìjọ rẹ̀ ṣe léjìká.

"Èmi ò sí ní sọ́ọ̀ṣì yín," Sàlámọ̀tù dá a lóhùn.

Ìyá Tawheed, tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kàn ní, "Ẹ̀san ò gbóògùn," ó sì ń wo oko ẹ̀gẹ́ tó ń kọjá lọ lẹ́bàá títì.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan ni wọ́n ń lọ, èyí tí wọ́n ṣí ní Ìkirè lọ́dún tó kọjá. Wọ́n pe tọmọdé tàgbà sí ọjọ́ orin níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kí bàbá mú ìyá, kí ìyá mú ọmọ. Àwọn ọmọdé á fọwọ́ kan àwọn ohun èlò orin àtijọ́, àwọn àgbà á sì kọrin. Orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà jù lórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ káàkiri ni ti Àlájà Soliat. Orúkọ yẹn ló ń gbé Sàlámọ̀tù lọ, kì í ṣe orin.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni Ọ̀gbẹ́ni Barnabas, tísà tó ti fẹ̀yìn tì tó ń mójú tó ilé náà, wá bá a níbi tó ti ń ta iṣu lẹ́bàá títì ní Àpòmù. Ọkùnrin náà kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó wá ní, "Mọ́mì, wọ́n ní ẹ̀yin náà wà lára àwọn ẹlẹ́gbè Àlájà Soliat láyé ọjọ́un. A fẹ́ kí ẹ wá bá wọn gbè é."

Ẹlẹ́gbè Soliat. Sàlámọ̀tù wo iṣu tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wo orí ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á wá, òun á sì mú àwọn méjì tó kù nínú ẹgbẹ́ náà dání. Barnabas dúpẹ́ dúpẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. Kò mọ ohun tó pè wá sílé ara rẹ̀.

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Sàlámọ̀tù ló dá ẹgbẹ́ orin náà sílẹ̀ ní Àpòmù. Òun ló ń lé orin, Soliat ló kéré jù nínú àwọn tó ń gbè é. Wọ́n ń kọrin níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìyàwó nìkáà, níbi wòlímọ̀ àwọn ọmọ ilé kéú. Ọdún tí ọkọ Sàlámọ̀tù kú, ó wọlé opó, oṣù mẹ́rin òun ọjọ́ mẹ́wàá, bí ẹ̀sìn ṣe là á kalẹ̀. Obìnrin tó ń ṣe opó kì í jáde lọ kọrin. Soliat ń gbé oúnjẹ wá fún un lójoojúmọ́. Á jókòó tì í, á ní kí Àǹtí kọ orin odò, èyí tí Sàlámọ̀tù fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, fún òun díẹ̀, kí ọkàn wọn lè fúyẹ́. Sàlámọ̀tù á kọ ọ́. Ó tiẹ̀ ń kọ́ ọ ní ibi tó yẹ kó ti rẹ ohùn sílẹ̀ àti ibi tó yẹ kó ti gbé e sókè, torí ó fẹ́ràn ọmọ náà, ó sì rò pé ó ń bá òun kẹ́dùn ni.

Ọjọ́ tó bọ́ aṣọ opó tó bọ́ síta, orin odò ló ń dún ní gáréèjì. Ohùn Soliat ni. Orúkọ Soliat ló wà lára kásẹ́ẹ̀tì, àwòrán Soliat ló wà níwájú rẹ̀. Ẹnì kan ní Ìbàdàn ti bá a gbé e jáde nígbà tí ẹni tó ni orin ṣì wà nínú yàrá, tó ń ka ọjọ́ lórí ìka.

Ó gbìyànjú láti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, níbi ìyàwó kan ní Ìkirè-Ilé. Ìyá ìyàwó fi ẹ̀rín sí i, ó ní, "Ẹ mà mọ orin Soliat yìí kọ o." Láti ọjọ́ yẹn Sàlámọ̀tù kò kọrin mọ́, kò kọ ọ́ nílé, kò kọ ọ́ lóko, kò fi rẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀ kankan lẹ́kún. Ó ti di ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n báyìí. Soliat kò wá bẹ̀ ẹ́ rí. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Àṣà kan sì wà láàárín àwọn obìnrin olórin wọ̀nyẹn. Bí ẹni tó ń lé orin bá ṣe àwọn ẹlẹ́gbè rẹ̀ níkà, wọn kì í bá a jà nílé. Wọ́n á bá a dé òde, wọ́n á jókòó sẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe yẹ. Nígbà tó bá wá lé orin, wọ́n á fi ègbè dù ú. Bó bá lé e lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹnikẹ́ni kò gbè é, àfi kó gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kó kúnlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe. Ìgbà tí Sàlámọ̀tù wà ní kékeré ló rí i lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin tó kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà kò yọjú sí òde kankan mọ́ fún ọdún kan gbáko.

Kíkúnlẹ̀ yẹn ni Sàlámọ̀tù ń lọ gbà ní Ìkirè. Kò fẹ́ nǹkan mìíràn.

Ariwo ti gba ibẹ̀ kan kí wọ́n tó dé. Àwọn ọmọdé ń ta agídìgbo ní ìtakúta, àwọn mìíràn ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ igbá láti fi ṣe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, epo dòdò sì ti mú ọwọ́ gbogbo wọn dán. Barnabas ń sáré kiri pẹ̀lú àkísà, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n nu ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan. Bàbá kan gbé ọmọ rẹ̀ sọ́rùn kó lè rí gòjé tó wà lókè. Inú àwọn èèyàn dùn. Inú Sàlámọ̀tù kò dùn, kò sì bínú pé inú wọn dùn. Ó kàn ń wo ibi tí wọ́n to àga sí.

Lára ògiri ló ti rí àwòrán náà. Àwọn obìnrin mẹ́fà nínú aṣọ kan náà, òun fúnra rẹ̀ láàárín, ó gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sókè, ẹnu rẹ̀ là. Soliat wà ní ẹ̀gbẹ́ pátápátá, fọ́tò ti gé èjìká rẹ̀ kan. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí pé: *Àlájà Soliat àti àwọn ẹlẹ́gbè rẹ̀, Àpòmù.*

Ìyá Tawheed kà á, ó sì ṣe òṣé. "Ojú ò tì wọ́n."

"Ó máa tì wọ́n láìpẹ́," Sàlámọ̀tù ní.

Soliat wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti sanra, eyín wúrà ń yọ nínú ẹ̀rín rẹ̀. Ikhlas, àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, dúró tì í, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Sàlámọ̀tù rìn lọ bá a. Ó ti ń ronú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí òun á sọ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì fẹ́ kó wọ̀ ọ́ lára. Ó rẹ́rìn-ín kí àwọn tó ń wò wọ́n lè rò pé ìkíni ni.

"Soliat, olè. O ṣì wà láyé."

Soliat di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Àǹtí mi, ẹ kú ìrìn o. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ ò tiẹ̀ gbó." Ohùn rẹ̀ lọ sókè débi tí àwọn èèyàn fi bojú wẹ̀yìn.

Ara Sàlámọ̀tù gbóná. Ó ti múra sílẹ̀ de èébú, ó ti múra sílẹ̀ de ẹkún, kò múra sílẹ̀ de irú ojú líle báyìí. A pe èèyàn lólè, ó ń bèèrè ọmọ ẹni. Ikhlas ti gbọ́ ní tirẹ̀. Ó ń wo Sàlámọ̀tù bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan. Ṣùgbọ́n Barnabas ti dé, ó ń fọwọ́ darí wọn wọlé.

Wọ́n gbé àga mẹ́ta sẹ́yìn lórí pèpéle fún àwọn ẹlẹ́gbè, Soliat dúró níwájú, ó kọjú sí èrò. Ikhlas náà bá a gòkè, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Sàlámọ̀tù rò ó pé orúnkún ló ń dùn ún ni. Soliat di ojú rẹ̀, bí Sàlámọ̀tù ṣe kọ́ ọ nígbà tí kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ: di ojú rẹ, ojú èèyàn a máa da orin rú. Ó mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

*Mo dé etí odò, mo bá ọ níbẹ̀ o.*

Ibi tí ègbè ti yẹ kó bọ́ sí ṣófo. *A ó jọ pọn ún, a ó jọ rù ú, a ó jọ délé*. Gbogbo ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn ló mọ̀ ọ́n. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é láti ìsàlẹ̀, wọ́n wo ojú àwọn ìyá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn, wọ́n sì panu mọ́. Ìyá arúgbó kan ní ìlà kejì tẹ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Wọ́n ti fi ègbè dù ú," ó ní, ọ̀rọ̀ náà sì ń lọ láti àga dé àga.

Ó dùn mọ́ Sàlámọ̀tù bí omi tútù. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan péré ni òtítọ́ á bá a. Ọjọ́ yẹn náà rèé.

Soliat lé e lẹ́ẹ̀kejì. Kò yára, kò kọsẹ̀. Ó fi àyè sílẹ̀ fún ègbè, bó ṣe yẹ kó gùn tó gan-an ló ṣe gùn tó, ó ń mi orí sí i, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sí ìlà tó kàn.

Ó lé e lẹ́ẹ̀kẹta. Kò kúnlẹ̀. Ó ń kọrin rẹ̀ lọ.

Sàlámọ̀tù di etí àga mú. Irú èèyàn wo lèyí? Ìyá Goodness ti fi ìborùn bo ojú, ó ń sunkún. Barnabas ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ó sáré lọ sídìí sípíkà, bóyá ó rò pé ẹ̀rọ ló ti pa ohùn àwọn ẹlẹ́gbè, ó yí nǹkan kan, sípíkà sì han gooro. Gbogbo àwọn ọmọdé fọwọ́ di etí. Ọmọ ọwọ́ kan bú sẹ́kún. Barnabas fúnra rẹ̀ fò sẹ́yìn.

Soliat, tí sípíkà náà wà ní apá ọ̀tún rẹ̀, tí kò jìnnà sí i ju ìgbésẹ̀ méjì lọ, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Ìgbà náà ni Sàlámọ̀tù wá wo ọwọ́ Ikhlas dáadáa. Àwọn ìka náà kò dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n ń lu ẹ̀yìn Soliat wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n ń bá orin lọ, wọ́n ń ka àyè ègbè fún un títí tó fi pé. Kò gbọ́. Kò gbọ́ ohun tí òun pè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sì gbọ́ ìdákẹ́ yìí náà.

Inú bí i ju ti àárọ̀ lọ. Ó ti tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó gbé e wá síbi tó yẹ, ó sọ ọ́ síwájú gbogbo ayé, ẹni tó ni ín nìkan ni kò bá. Ó ní òun kò ní gbè é síbẹ̀. Kò gbè é. Orin náà lọ títí dé òpin pẹ̀lú ohùn kan ṣoṣo.

Àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́, torí ọmọdé a máa pàtẹ́wọ́ fún ohun gbogbo. Soliat la ojú, ó rí ọwọ́ wọn, inú rẹ̀ dùn. Barnabas, tí òógùn ti bò, ní kí gbogbo ìdílé bọ́ sí àgbàlá fún ìjó àwọn ọmọdé, àwọn èèyàn sì ń jáde lọ, wọ́n ń sọ ọ́ láàárín ara wọn.

Sàlámọ̀tù àti àwọn méjì yòókù wà níwájú àwòrán ara ògiri nígbà tí Soliat wá bá wọn. Ikhlas tẹ̀lé e, orí rẹ̀ wálẹ̀.

"Àǹtí, mo gbọ́ yín," Soliat ní. Omi wà lójú rẹ̀. "Nínú gbogbo wọn, ohùn yín ni mo gbọ́ jù. Kò yí padà rárá. Ẹ̀rù ń bà mí láti àná. Mo mọ ohun tí mo ṣe yín. Mo sọ fún ọmọ yìí pé bí ẹ bá fi ègbè dù mí, kó tẹ̀ mí léjìká, mà á kúnlẹ̀ lójú gbogbo wọn, mà á sọ ọ́. Kò tẹ̀ mí. Ẹ gbè é. Ẹ ti dárí jì mí."

Sàlámọ̀tù wo Ikhlas.

"Ọdún kẹta rèé tí wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́," Ikhlas sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá rẹ̀ kò lè gbọ́ ọ. "Wọn ò fẹ́ káyé mọ̀. Mọ́mì, mi ò lè tẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí èrò ṣe pọ̀ tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn mi orí fún wọn, ká máa lọ."

Soliat kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ayọ̀ ti gbà á lọ́kàn. Ó tún di ọwọ́ Sàlámọ̀tù mú, ó sì lé orin náà níbẹ̀, bí ọmọdé tó fẹ́ ká tún un ṣe. *Mo dé etí odò, mo bá ọ níbẹ̀ o.* Lọ́tẹ̀ yìí kò di ojú. Ẹnu Sàlámọ̀tù ló ń wò.

Ó wà níwájú rẹ̀ báyìí, ohun tó wá gbà. Ẹni tó lajú lè rí ìdákẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì," Ikhlas ní.

Sàlámọ̀tù pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó rántí ìyá ìyàwó ní Ìkirè-Ilé, ó rántí oúnjẹ tí ọmọ yìí ń gbé wá fún un nínú opó, ó sì pa á mọ́ ṣinṣin.

Soliat dúró de ègbè. Kò rí i. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún un lé. Lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ já ní àárín. Ó wo ètè Sàlámọ̀tù, ó wo ojú Ìyá Goodness tó ti wú fún ẹkún, ó wo ọmọ rẹ̀ tí kò lè gbé orí sókè. Ó yé e. Ó di ara ògiri mú, ó sọ orúnkún kan kalẹ̀, lẹ́yìn náà èkejì.

"Èmi kọ́ ni mo ni orin yìí," ó ní. Kò mọ̀ pé ariwo ni òun ń pa. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà yí padà, àwọn tó ti bọ́ síta ń wọlé. "Sàlámọ̀tù Àpòmù ló ni ín. Inú opó ni wọ́n wà tí mo jí i. Mo jí i ni."

Barnabas ti dé pẹ̀lú bírò àti ìwé, ó ń wo àwòrán ara ògiri, ó ń wo Sàlámọ̀tù. "Olúwa mi o," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá arúgbó ìlà kejì ń mi orí pé ó parí. Ìyá Tawheed tọ́ aṣọ rẹ̀, ó ní, "Ó tó. Ẹ jẹ́ á máa lọ." Gbogbo rẹ̀ pé, bí Sàlámọ̀tù ṣe ń rò ó nídìí iṣu láti gbogbo ọdún yìí wá. Ó dúró, ó ń retí kó dùn mọ́ ọn.

Soliat kò tíì dìde. Ó yí sí ọmọ rẹ̀, ó ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó sọ nǹkan nù.

"Ikhlas, ta wá ni mo ń gbọ́?"

Ikhlas kúnlẹ̀ tì í.

"Láti ọjọ́ tí etí mi ti di. Nínú ilé, lórí ibùsùn, lórí pèpéle yẹn lẹ́ẹ̀kan yìí. Bí mo bá ti lé e, Àǹtí á gbè é fún mi, ohùn wọn gan-an ni. Òun nìkan ni mo ń gbọ́. Ta ni, bí kì í bá ṣe àwọn?"

Sàlámọ̀tù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń ró, títí ẹnu rẹ̀ fi kan etí Soliat. Ohùn náà ti ha, ó ń dún bí ìlẹ̀kùn tí a kò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ó gbé e jáde. *A ó jọ pọn ún, a ó jọ rù ú, a ó jọ délé.* Ó kọ ọ́ tán, ó tún un kọ.

Soliat ṣì ń wo ẹnu Ikhlas, ó ń dúró de ìdáhùn.